Ẹ̀yin tí ẹ ti dán détẹ́kítọ̀ gámà àti nútírọ̀nù wò rí, kí lojú yín rí?

Akẹ́kọ̀ọ́Físíìsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Détẹ́kítọ̀ méjì, ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní lábù. Kírísítálì sodium iodide, tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bí gámà bá wọ inú rẹ̀, ni ọ̀kan, fún gámà. Olómi tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èkejì, fún nútírọ̀nù. Ọ̀gá mi ní kí n dán wọn wò kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n ṣiṣẹ́. Mo ti ka ìwé tó bá wọn wá. Ìrírí yín ni mo ń tọrọ.

ÒkèBàdàn
Gbé cesium-137, sọ́ọ̀sì tó ń tú gámà jáde, síwájú sodium iodide yẹn, kó o wo ṣóńṣó tó wà ní 662 keV (agbára gámà rẹ̀) nínú àwòrán tí ẹ̀rọ bá yà. Bí fífẹ̀ ṣóńṣó yẹn ní ìdajì gíga rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi 7% agbára yẹn, kírísítálì yẹn ṣì dára. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, fura sí omi. Sodium iodide ò gbọdọ̀ rí ọ̀rinrin rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dí i pa sínú agolo. Mo ti rí èyí tí agolo rẹ̀ jò lákòókò òjò, àwọ̀ rẹ̀ ti di ìyeyè, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

MàmáLábù
Kó tó kan cesium, àbúrò, pa iná yàrá ná. Tan fólítéèjì, ka iye tó ń wọlé nínú òkùnkùn, kó o wá tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ibi tí PMT (ẹ̀rọ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná) ti pàdé kírísítálì. Bí iye yẹn bá fò sókè, ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé nìyẹn. Èyí tí wọ́n kó fún wa nígbà kan, bí a bá ti ṣí kọ́tìnì báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí. Ẹnì kan ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtànṣán inú ilẹ̀ ọgbà wa ju ti ibòmíràn lọ!

Adé_K
Téèpù dúdú. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

MàmáLábù
@Adé_K Ìlọ́po méjì ni kó wé e o. Ẹyọ kan kì í tó.

OníkámẹráGámà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa. Ọsibítù ni mo wà, kámẹ́rà gámà la fi ń ya àwòrán egungun àti tàírọ́ìdì. Sodium iodide kan náà ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó fẹ̀ bí àtẹ alákàrà, nínípọn rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 9.5 lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, iná lọ. AC kú, yàrá gbóná títí di òru. Nígbà tí iná padà dé, AC tutù nini lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, a gbé cobalt-57, sọ́ọ̀sì gámà míì, síwájú kámẹ́rà bí a ti máa ń ṣe kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìlà dúdú kan ló gba àárín àwòrán kọjá. Kírísítálì ti sán. Àwọn ènìyàn ti gba ọjọ́, ẹlòmíì wá láti Ọ̀yọ́, a ní kí wọ́n padà sílé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Wúràọlá22
Yéè! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀.

ÒkèBàdàn
Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

OníkámẹráGámà
Jẹnẹrétọ̀ wà. Epo dísù ni kò sí.

ṢéÒótọ́Ni
Ẹ má bínú o, mi ò gbà pé AC nìkan ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan gbá a.

OníkámẹráGámà
@ṢéÒótọ́Ni Èmi náà wá àpá, kò sí ibi tó tẹ̀ lára agolo rẹ̀. Kírísítálì yẹn ò lè fara da ìyípadà òtútù àti ooru tó bá yára. Bó bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí, kò léwu. Gbígbóná ọ̀hún kọ́ ló pa á, títutù òjijì ló pa á.

Adé_K
Mo gbà fún un. A ti gbé kékeré kan jáde láti inú ọkọ̀ tí AC wà nínú rẹ̀ bọ́ sínú oòrùn rí. A gbọ́ tó ró “ta”.

ỌmọKànga
Ẹ ti gbàgbé nútírọ̀nù o. Kànga epo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, americium-beryllium (Am-Be), sọ́ọ̀sì nútírọ̀nù, la ń lò. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mọ̀: kò sí sọ́ọ̀sì nútírọ̀nù tí kì í tú gámà jáde. Am-Be ń tú gámà 4.4 MeV (4,400 keV) pẹ̀lú nútírọ̀nù rẹ̀. Nítorí náà, bí détẹ́kítọ̀ bá ń ka nǹkan níwájú Am-Be, kò tíì fi hàn pé nútírọ̀nù ló ń kà. Inú olómi yẹn, nútírọ̀nù máa ń gbá prótọ́ọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ tí ìyẹn ń mú wá sì máa ń pẹ́ kó tó kú ju ti gámà lọ. Ìrù ìmọ́lẹ̀ yẹn la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Fi cesium nìkan dán an wò ná. Ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kó yọ lórí àwòrán, ti gámà. Bí méjì bá yọ, má tíì gbé Am-Be jáde.

MàmáLábù
Kó má sì gbé sodium iodide yẹn sí ẹ̀gbẹ́ Am-Be o! Iodine inú rẹ̀ á gba nútírọ̀nù, á di iodine-128 tó ń tú ìtànṣán jáde. Ìṣẹ́jú 25 ló fi ń dín sí ìdajì, gbogbo àsìkò yẹn, ara rẹ̀ ni détẹ́kítọ̀ á máa kà.

Wúràọlá22
Am-Be yìí, ṣé irú rẹ̀ ló sọnù láàárín Wàrì sí Port Harcourt ní 2002?

ỌmọKànga
Irú rẹ̀ ni. Jámánì ni wọ́n ti rí i ní 2003, láàárín àwókù irin.

ṢéÒótọ́Ni
Ó gba ibodè kọjá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó rí i? Kí wá ni détẹ́kítọ̀ wà fún?

ỌmọKànga
Gámà tó pọ̀ jù nínú èyí tí americium fúnra rẹ̀ ń tú jáde ò ju 59.5 keV lọ, irin tí kò nípọn púpọ̀ ti tó láti dá a dúró. Ibodè tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ gámà nìkan sí lè ṣì í. Nútírọ̀nù máa ń gba inú irin kọjá. Ìdí tó fi yẹ kí ibodè ní méjèèjì nìyẹn, kí wọ́n sì máa dán méjèèjì wò, kì í ṣe kí wọ́n gbé e sí ògiri fún ẹ̀ṣọ́.

ÒkèBàdàn
Ọ̀rọ̀ gidi. Fún ẹni tí kò tíì rí ìwé àṣẹ NNRA (àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ohun tó ń tú ìtànṣán ní Nàìjíríà) gbà fún sọ́ọ̀sì: potassium-40 inú ògiri yàrá á fún un ní 1461 keV, thallium-208 á fún un ní 2615. Kó jẹ́ kí ẹ̀rọ kà mọ́jú. Àpò ajílẹ̀ NPK kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mú ti potassium yá.

Adé_K
Ajílẹ̀ kẹ̀?

ÒkèBàdàn
K tó wà nínú NPK, kí lo rò pé ó jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Físíìsì
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sodium iodide ti yege, 7% géérégé. Olómi ni kò jẹ́ kí n sùn. Cesium nìkan ni mo gbé síwájú rẹ̀, àmọ́ nǹkan fọ́nká sí ibi tó yẹ kó jẹ́ ti nútírọ̀nù.

ỌmọKànga
Báwo ni cesium yẹn ṣe sún mọ́ ọn tó?

Akẹ́kọ̀ọ́Físíìsì
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, sà.

ỌmọKànga
Gbé e sẹ́yìn. Gámà méjì ló ń wọlé lórí ara wọn, ìrù èkejì ń gun orí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ sì ń pè é ní nútírọ̀nù.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíìsì
Mo ti gbé e sẹ́yìn. Ó dín kù gan-an, àmọ́ kò tíì tán.

MàmáLábù
Fólítéèjì mélòó lo gbé e sí? Ya àwòrán rẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ síbí.