Kí ni mo lè fi gbin ọ̀dán inú àwo? Apá mi ò ká akadama

Aránṣọ_Mọ́níyà

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọdún kejì rèé tí igi inú àwo tí wọ́n ń pè ní bọ́ńsáì ti gbà mí lọ́kàn, débi pé àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀dán lẹ́yìn.

Ọ̀dán méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Ara ògiri sọ́kawéè ilé wa ni wọ́n hù sí, ẹyẹ ló ṣu kóró wọn síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà wá tún ògiri náà rẹ́, ó ti gbé àdá, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ṣísẹ́ẹ̀lì kí n fi yọ wọ́n. Mo gbìn wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ tí kò jìn ju ìka mẹ́ta lọ. Mo kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè ráyè jáde, mo wá fi ilẹ̀dú ààtàn kún un, èyí tó dúdú minimini.

Láti oṣù kẹta títí di ìkarùn-ún, ńṣe ni wọ́n ń tutù yọ̀yọ̀. Òjò oṣù kẹfà wá dé, ó ń rọ̀ lójoojúmọ́, ni ewé èyí ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já lulẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún bomi sí i! Nígbà tí mo hú u, èèpo gbòǹgbò ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí omidùn tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nínú gbogbo fídíò tí mo wò, akadama, ohun kan tí wọ́n ń fi gbin bọ́ńsáì dípò ilẹ̀dú, ni wọ́n ń pè ṣáá. Iye tí ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pe àpò kan, mo lè fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nítòsí wa tí mo lè lò kí èyí tó kù tó tẹ̀lé ìkejì rẹ̀?

Bàbá_Olókùúta

Ìyá aránṣọ, ẹ kú àdánù. Abẹ́òkúta ni mo wà. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà bó bá di ọ̀rọ̀ òkúta àti eruku rẹ̀, ẹnu mi gbà á.

Òkúta tí ẹ kó sísàlẹ̀ àwo yẹn wà lára ohun tó pa igi yín. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe bá a nílé, ìyá mi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ní fóòmù tí ẹ fi ń gbé èjìká kóòtù, àbí? Ẹ mú ègé kan tó gùn díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó mu yó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má fún un o. Omi á kán, á kán, á dáwọ́ dúró. Ẹ wá gbé e dìde lóòró. Omi mìíràn á tún tú jáde. Fóòmù kan náà ni, gíga rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìwọ̀n gíga kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi kì í kúrò, ẹ báà lu ihò 20 sídìí àwo. Nínú ìkòkò tó jìn, gbòǹgbò ríbi sá sí lókè. Nínú àwo oníka mẹ́ta, inú omi yẹn gan-an ló ń gbé. Ẹ wá kó òkúta sábẹ́: omi ò ní bọ́ sáàárín òkúta, orí òkúta ni yóò jókòó sí. Ẹ ti gbé e sún mọ́ gbòǹgbò nìyẹn.

Ohun tó ń mú omi náà lọ sílẹ̀ ni kí hóró ohun tí ẹ fi gbìn ín tóbi, kó má sì ní eruku. Akadama tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe oògùn. Amọ̀ ni, ilẹ̀ Jàpáánì ni wọ́n ti ń wà á, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á jọ̀ ọ́ sí ìwọ̀n ìwọ̀n. Inú hóró rẹ̀ ń mu omi, afẹ́fẹ́ ń gba àárín hóró kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà sì ń rún nígbà tó bá pẹ́.

Tiwa tó jọ ọ́ jù ni àpáàdì. Ẹ lọ bá àwọn amọ̀kòkò ní Ìpetumodù, èyí tó bá fọ́ níná, wọ́n á fún yín. Ẹ fi ahọ́n kan èyí tó gbẹ: tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ó ń mu omi. Tánganran àti táìsì ò lè lẹ̀ ní tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kejì ni yangí. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́; èyí tó bá di ẹrẹ̀, ẹ dà á nù. (Ẹ má lọ hú yangí oríta ẹlẹ́ni o! Ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì lọ́wọ́ ni kí ẹ lọ.)

Ẹ fọ́ wọn kí hóró wọn wà láàárín jéró àti ẹ̀wà, bíi mìlímítà 2 sí 6. Asẹ́ tí bíríkìlà fi ń jọ iyanrìn á mú èyí tó tóbi jù kúrò, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé á gbọn eruku dànù. Ẹ má fojú kéré nẹ́ẹ̀tì yẹn. Eruku tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ di gbogbo ihò lẹ́yìn òjò mẹ́ta.

Èmi: àpáàdì kóńgò 2, yangí kóńgò 1, òkúta akọ wẹ́wẹ́ kóńgò 1. Ilẹ̀dú? N kì í fi síbẹ̀ rárá.

Ọmọ_Òkèlélé

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n sà. Àmọ́ Abẹ́òkúta lẹ wà. Bí mo bá lo èyí tẹ́ ẹ kọ yìí n'Ílọrin lásìkò ọyẹ́, igi mi á ti gbẹ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Irun ara àgbọn ni mo ń fi kún un, mo máa ń fi omi ṣàn án léraléra nítorí iyọ̀, màá wá gé e wẹ́wẹ́, kóńgò 1 sí 4. Ní oṣù kọkànlá ni mò ń tẹ́ díẹ̀ sórí àwo, tí òjò bá dé màá kó o kúrò.

Ìyá mi àgbà mọ ìkòkò ní Dàda, lágbègbè Òkèlélé níbí, ohun tí wọ́n kọ́ mi rèé: ẹ fi èékánná ta àpáàdì kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ. Èyí tó bá dún kan-an, iná jẹ ẹ́ dáadáa. Èyí tí kò bá ró gooro, kò jinná, amọ̀ ni yóò padà dà nínú àwo yín.

Mà, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà yẹn fún yín ní búlọ́ọ̀kù fífọ́ o. Símẹ́ńtì wà nínú ẹ̀, ewé á máa pọ́n, ẹ ò sì ní mọ ìdí ẹ̀. Òkúta òkè ayọnáyèéfín tí òyìnbó ń lò wà ní orílẹ̀-èdè wa, lápá Jos àti Biu, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ẹ̀ nìkan, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.

Àbíkẹ́_Peckham

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ń wá akadama, àwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tí ológbò ń ṣu sí lará wa ń lò! Mi ò parọ́. Oríṣi kan wà tí kì í ṣù pọ̀, tí wọ́n fi ara ewéko omi ayé àtijọ́ tí ojú lásán ò lè rí ṣe. Ó le, ó ń mu omi, kò wọ́n. Ọkọ mi bi mí pé ológbò dà.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ẹ rántí pé kò sí oúnjẹ kankan nínú àpáàdì. Ẹ máa fún un ní ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má pẹ́ síra.

Aránṣọ_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá, mo ṣe ti fóòmù yẹn lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Nígbà tí mo gbé e dìde tí omi tún tú, ọ̀kan pariwo "Yéè!", bíi pé mo pidán.

Odó àtijọ́ kan tó ti sán ni mo fi gún àpáàdì. Ẹ gbọ́, ikọ́ fẹ́ẹ̀ pa mí lọ́jọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì mo wọ́n omi sí i kí n tó gún un. Kóńgò 6 ni mo gún, mo jọ̀ ọ́ tán, kò pé 3. Mo fi ìdajì kóńgò èédú kún un, ìyókù èyí tí mo ń kó sí áyọ́ọ̀nù ni, mo fọ eérú ara rẹ̀ dànù.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo wá ike áísìkiriìmù oní lítà kan, mo lu ihò sídìí rẹ̀, mo fi téèpù dí i. Mo da èyí tí mo pò sínú rẹ̀ kún, mo bu omi sí i títí tó fi kún dẹ́nu: 50cl ló gbà. Mo ṣí téèpù, mo gbé abọ́ sábẹ́: 28cl ló jáde, kíá. Ilẹ̀dú ààtàn gba 45cl ní tirẹ̀. Mo ṣí i, mo lọ gbá ọrùn búbá kan tán, mo padà dé: omi tó jáde ò kún ìdérí ìgò oògùn ikọ́.

Bàbá, ṣé kí n fọ gbogbo ilẹ̀dú kúrò lára gbòǹgbò ni?

Bàbá_Olókùúta

Rárá, ìdajì. Ìyókù di ìgbà tó bá ta ewé dáadáa. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ àwo kí atẹ́gùn má máa mì ín, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti lítà áísìkiriìmù yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Òkèlélé, mo gbà fún ọ lórí irun àgbọn. Àmọ́ n kò ní fi sí tèmi.

Aránṣọ_Mọ́níyà

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Òjò àná bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, mo jí, mo sáré lọ wo àwo: omi ò dúró sójú rẹ̀ rárá. Ewé mẹ́ta ló ti yọ. Ìgbín ti jẹ ọ̀kan. Ti ìyẹn, màá bi yín lọ́tọ̀.