Obìnrin tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta

Òǹkàwé Òru

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òǹkàwé, ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn kúkúrú adẹ́rùbani. Mo ti ka èyí tí wọ́n ti gé òkú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo ti ka èyí tí wọ́n ti mọ ògiri dí alààyè mọ́lẹ̀, oorun sì gbé mi lọ lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo ka “The Lottery” tí Shirley Jackson kọ, mo kà á sókè ketekete fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 14. Orí ìjókòó ni ilẹ̀ mọ́ bá mi.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: abúlé kékeré kan ni, nǹkan bí 300 èèyàn, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà. Oòrùn ń ràn, àwọn ọmọdékùnrin ń ṣa òkúta jọ, àwọn bàbá ń sọ̀rọ̀ òjò àti owó orí. Wọ́n á mú bébà nínú àpótí dúdú kan. Ẹni tí àmì dúdú bá wà lára tiẹ̀, òun ni gbogbo abúlé máa sọ lókùúta pa, kí oníkálukú tó lọ jẹun ọ̀sán. Wọ́n ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ètò àtijọ́ náà, àmọ́ wọn ò gbàgbé òkúta.

Ibi tó mú mi nìyí. Tessie Hutchinson pẹ́ dé torí ó gbàgbé ọjọ́. Ó sáré wá, ó ń nu omi abọ́ kúrò lọ́wọ́. Ó dúró ti Ìyáàfin Delacroix, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Kò tó wákàtí méjì sígbà yẹn, Delacroix yìí kan náà ló ṣa òkúta tó tóbi débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, ó tún yíjú sí obìnrin mìíràn, ó ní kó yára.

Ọmọ náà dá mi dúró. “Àǹtí, ṣebí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni? Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín tán ni?” Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ mọ́ mi lẹ́nu. Òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀ tó lè mú, kó sọ ọ́ síbi tí kò ní bà èèyàn, kó máa bọ̀ nílé. Kí ló dé tó jẹ́ ńlá ló mú?

Kí ló wà nínú òkúta yìí tí mi ò rí nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo ti kà? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ kí n kà á fún ọmọ yẹn ni?

Bàbá Olùkọ́

Àbúrò mi, o káre. Ṣùgbọ́n má fojú kéré àwọn ẹlẹ́jẹ̀ yẹn. Ohun tó bà ọ́ lẹ́rù nínú òkúta wà nínú wọn náà, o sáré kọjá lára ẹ̀ ni.

Edgar Allan Poe tẹ “The Tell-Tale Heart” jáde ní 1843. Òótọ́ ni, apààyàn inú ẹ̀ gé òkú bàbá arúgbó kan, ó kó o sábẹ́ pákó ilẹ̀. Àmọ́ padà lọ wo òru méje tó ṣáájú. Ní aago méjìlá lóru, á rọra ki orí bọ ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá pẹ̀lú àtùpà tó ti bò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún wọlé tọ bàbá yìí lọ, á fi ọ̀yàyà pe orúkọ rẹ̀, á bi í bó ṣe sùn sí. Ẹ̀mí mi kì í gba ìkíni àárọ̀ yẹn. Ó tún fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn bàbá náà, pé kò ṣẹ òun rí, ojú rẹ̀ kan tó dà bíi ti igún ni òun ò fẹ́ rí mọ́.

Tún wo “The Cask of Amontillado”, tó jáde ní 1846. Fortunato ń wúkọ́ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó tutù rinrin. Montresor, tó ń mú un lọ síbi tó ti fẹ́ pa á, ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n padà, pé ìlera rẹ̀ ṣe iyebíye. Ó fún un ní wáìnì mu kí ikọ́ lè rọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló dè é mọ́ ògiri, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta dí i. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikọ́ yẹn ni wọ́n máa ń rántí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ògiri.

Ọwọ́ tó ń kẹ́ èèyàn lòkúta ti ń wá, àbúrò mi. Ohun tí ọmọ yẹn rí nìyẹn.

Abọ́mọré

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá. Mo gbà fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá tí kò jọ Montresor rárá.

Anton Chekhov kọ ìtàn kan ní 1888 nípa Varka, ọmọ ọdún 13 tó ń tọ́jú ọmọ jòjòló nílé ẹni tó ń ṣe bàtà. Lóru, á máa mi ibùsùn ọmọ. Ọmọ ò dákẹ́. Ojúmọ́ mọ́: Varka, dáná! Varka, fọ bàtà! Varka, fọ àtẹ̀gùn! Ilẹ̀ ṣú, àlejò dé, wọ́n ń rán an níṣẹ́. Àlejò lọ, wọ́n ní kó lọ mi ọmọ. Nígbà tó yá, oorun fi hàn án pé ọ̀tá kan ṣoṣo ló ní láyé, ọmọ yẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu yà á pé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ kò tíì yé òun. Ó fún ọmọ lọ́rùn pa, ó sáré dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sùn bí òkú.

Mo ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, n ò ní dárúkọ ilé ẹni tí mo wà. Mo máa ń tẹ èékánná mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi dá àpá sí mi lára, kí n má bàa sùn lójú ọmọ. Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí, àmọ́ mo kórìíra igbe ẹ̀. N ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí kí n tó ka Varka. Ẹ̀rù ara mi ló bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù tiẹ̀.

Òǹkàwé Òru, ọmọ ọdún 14 fi ọdún kan ju Varka lọ. Kà á fún un.

Ìdí Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò tíì mẹ́nu ba lẹ́tà. Ìwé ìròyìn The New Yorker ló gbé “The Lottery” jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1948. Jackson sọ pé lẹ́tà tí òun gbà lásìkò ẹ̀rùn ọdún yẹn lé ní 300, pé 13 péré ló sọ̀rọ̀ dáadáa sí òun, ọ̀rẹ́ òun ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá tó bí i lọ́mọ gan-an kọ̀wé pé ìtàn náà ò wu òun àti bàbá rẹ̀.

Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn kan kọ̀wé béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè lọ wòran.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rò pé wọ́n ti rí Delacroix nínú ara wọn, ni wọ́n fi kàn ń béèrè ọ̀nà.

Òǹkàwé Òru

Ẹ ṣeun gan-an. Abọ́mọré, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kú ìrọ́jú.

Mo padà lọ ka ìtàn náà lálẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ Bàbá, mo sì rí ohun tí mo ti fò kọjá. Kí Tessie tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delacroix láti lọ dúró ti ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀, ó rọra fọwọ́ kàn án lápá, bí ẹni tó ń sọ pé ó dàbọ̀.

Ọmọ àbúrò mi náà ti lọ kà á fúnra ẹ̀. Ó wá bá mi ní ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n ń ṣa òkúta, ẹnì kan kó òkúta wẹ́wẹ́ lé Davy, ọmọ Tessie tó kéré jù, lọ́wọ́. Ó ní ṣé Davy jù ú lu ìyá ẹ̀?

Mo ní ìwé ò sọ.

Ó ní òun mọ̀ pé ìwé ò sọ, pé èmi lòun ń bi.