Ṣé bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn dáa fún ẹni tó ń gbé báàgì ẹ̀yìn rìn káàkiri, àbí ká kúkú wọ bàálù?

Arìnnàkore:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ témi àtọ̀rẹ́ mi kan ti ń tọ́jú owó ká lè fi oṣù kan rìn káàkiri Yúróòpù, báàgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan la máa gbé, kò sẹ́rù míì. Berlin, Prague, Vienna, Budapest ló wà lọ́kàn wa, tówó bá ṣì kù ká dé Belgrade ká tó padà. Mo wo owó réluwè, ó ti ń ga ju agbára wa lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní bọ́ọ̀sì nìkan ni ká máa wọ̀, pàápàá tòru, torí a ò ní sanwó ibi tá a máa sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí o, ṣùgbọ́n mi ò wọ bọ́ọ̀sì ju wákàtí mẹ́fà lọ rí, ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ jẹ́ àárẹ̀ la máa fi gbogbo oṣù yẹn rà. Kí ni kí n wò kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹsẹ̀_Gìrìgìrì:
Ẹ wọ bọ́ọ̀sì jàre, irú ọ̀nà tẹ́ ẹ dárúkọ yìí gan-an ló ti wúlò jù. Berlin sí Prague ò ju bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún lọ, Prague sí Vienna náà fẹ́ẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, Vienna sí Budapest bíi mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ní bàálù lẹ fẹ́ wọ̀ láàárín wọn, ẹ ka àkókò tẹ́ ẹ máa fi dé pápákọ̀ òfúrufú, èyí tẹ́ ẹ máa fi tò fún àyẹ̀wò, àtèyí tẹ́ ẹ máa fi wọ ìgboro padà, bọ́ọ̀sì á ti gbé yín débẹ̀. Owó pọ́ọ́kú táwọn ilé iṣẹ́ bàálù sì ń kọ síwájú yẹn, báàgì kékeré tó lè wọ abẹ́ síìtì nìkan ló wà fún, báàgì ẹ̀yìn ńlá á gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà míì pápákọ̀ ọ̀hún ò tiẹ̀ sí nínú ìlú tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, Beauvais tí wọ́n ń pè ní Paris jìnnà sí Paris tó bíi 80 kìlómítà.

Ìdí tí bọ́ọ̀sì fi pọ̀ tó sì dínwó báyìí ni pé òfin yí padà. Títí di 2013 òfin Jámánì ò fi bẹ́ẹ̀ gba bọ́ọ̀sì láyè láti bá réluwè du èrò ọ̀nà jíjìn, Faransé ò ṣí tiẹ̀ sílẹ̀ títí di 2015. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn wá ń lọ sókè sódò bíi ti bàálù, ẹni tó bá tètè rà ló ń jẹ ẹ̀dínwó.

Ọ̀rọ̀ òru ni mi ò bá ọ̀rẹ́ yín fara mọ́. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ kì í ṣe ibùsùn! Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra ní agogo mọ́kànlá alẹ́ á já yín sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ òru, ilé tẹ́ ẹ fẹ́ dé sí kì í sábà gba àlejò títí di ọ̀sán, ẹ ó wá máa gbé báàgì kiri nínú òtútù. Mo ṣe é rí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìdíkọ̀ tí wọ́n tì pa títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú ọ̀sán tó yẹ kí n fi wo ìlú ni mo fi sùn, inú mi bà jẹ́ gan torí ọjọ́ méjì péré ni mo ní níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìrìn tí ò bá tó wákàtí mẹ́jọ, ojú ọ̀sán ni mo fi ń rìn ín.

Kò_sí_ìkánjú:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ti Yúróòpù wọn gbogbo ayé. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Buenos Aires lọ sí Mendoza ní Ajẹntínà, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, mo sì sùn wọra. Wọ́n ní oríṣi síìtì tí wọ́n ń pè ní cama, ó fẹ̀, mẹ́ta péré ló wà ní ìlà kan, ó sì ń rọ̀gbọ̀kú dáadáa, semi-cama ló dínwó jù ú lọ. Ní Vietnam, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tò sínú ọkọ̀ ní àjà-àjà, wàá bọ́ bàtà sínú ọ̀rá kó o tó wọlé, bó o bá ga jù ni ẹsẹ̀ rẹ ò ní rí ibi nà sí. Ní Yúróòpù ẹ̀wẹ̀ síìtì lásán ló pọ̀ jù. Torí náà ẹ wo irú síìtì tó wà nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó máa ka òru mọ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà táwọn èèyàn rò pé ti bàálù nìkan ni. Ìwádìí tí àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé jáde ní 2007 fi hàn pé béèyàn bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ì báà jẹ́ bàálù, bọ́ọ̀sì tàbí réluwè. Ewu ọ̀hún kéré fún ẹni tára ẹ̀ le o, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ máa na ẹsẹ̀, ẹ mu omi, ẹ má torí ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín. Òfin Yúróòpù ní dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45 tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, tó bá dúró báyẹn ẹ sọ̀ kalẹ̀ ẹ rìn. Ẹni tí òòyì bá máa ń kọ́ nínú ọkọ̀, iwájú ni kó jókòó sí, kó máa wo ọ̀nà, kó má tẹ fóònù.

Bàbá_Ìbejì:
Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan Belgrade tó o dárúkọ. Físà Schengen yín, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wo ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà tẹ́ ẹ lè wọlé sí, á jẹ́ 1, 2 tàbí MULT, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìgbà. Serbia tí Belgrade wà ò sí nínú Schengen. Bó bá jẹ́ 1 ló wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì yẹn á gbé yín kọjá bọ́dà, físà yín ti tán nìyẹn, ẹ ò lè padà wọ Budapest lọ wọ bàálù yín. Bọ́ọ̀sì rọrùn láti wọ̀ débi pé èèyàn á gbàgbé pé bọ́dà ló ń kọjá, mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ lóru pẹ̀lú ẹrù ẹ̀ báyìí, ojú ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.

Pásípọ́ọ̀tù náà, ara yín ni kó wà, kó má wọ abẹ́ ọkọ̀. Kódà láàárín Schengen, láti September 2024 ni Jámánì ti dá àyẹ̀wò padà sí gbogbo bọ́dà ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀_Gìrìgìrì:
Ẹ ṣé gan bàbá. Nǹkan kan tí mo gbàgbé: ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín. Níbi tí ọ̀nà bá tó 250 kìlómítà sókè ní Yúróòpù, bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ ju wákàtí méjì lọ kó tó gbéra, òfin ní kí wọ́n fi yín sọ́kọ̀ míì tàbí kí wọ́n dá owó padà, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ò sọ fún mi, àwa tá a jọ dúró la sọ fúnra wa.

Arìnnàkore:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo sáré lọ wo físà wa lẹ́yìn tí mo ka ti Bàbá, 1 ló wà níbẹ̀, tèmi àti tọ̀rẹ́ mi. Àyà mi já. A ti yọ Belgrade kúrò, Zagreb ní Croatia la fi rọ́pò ẹ̀, torí Croatia ti wọ Schengen láti 2023, àtibẹ̀ la ó ti padà sí Vienna. Ọ̀rẹ́ mi ò fẹ́ gbà lórí ọ̀rọ̀ òru, ṣùgbọ́n nígbà tá a jọ ka wákàtí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kò sí ìkankan tó tó mẹ́jọ. A ti ra Berlin sí Prague, agogo mẹ́jọ àárọ̀.