Amóúnjẹdà ni mo fara mọ́, kì í ṣe omi àpòlúkù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa pe ẹ́ńsáìmù tó ń mú oúnjẹ dà ní "omi àpòlúkù". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ n kò gbà á wọlé; "amóúnjẹdà" ni orúkọ tí èmi fara mọ́. Ọmọ ẹja àrọ̀ ni ẹlẹ́rìí mi.

Bí ẹyin àrọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí àpò oúnjẹ tó gbé wáyé lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ fún bí ọjọ́ 3. Nígbà tó bá wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun, àpòlúkù rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́, síbẹ̀ oúnjẹ ń dà. Trypsin, ẹ́ńsáìmù kan tó ti ara pancreas (ẹ̀yà ara tó ń tú omi rẹ̀ sínú ìfun) wá, ló ń gé èròjà amúaradàgbà wẹ́wẹ́ nínú ìfun. Amylase tó ń gé èròjà afúnnilókun àti lipase tó ń gé ọ̀rá náà ti wà níbẹ̀. Pepsin, ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ti àpòlúkù gan-an, tí kì í sì ṣiṣẹ́ àfi níbi tí omi kíkan (ásíìdì) bá wà, kì í dé títí di nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 5 lẹ́yìn tí ọmọ ẹja ti ń jẹun. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pa ẹyin àrọ̀ fi ń kọ́kọ́ fún un ní Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ bín-ín-tín tó rọ̀. Ẹni tó bá kánjú gbé oúnjẹ gbígbẹ nìkan fún un, omi á bàjẹ́, ọmọ ẹja á máa kú.

Ti ẹja carp tiẹ̀ tún le jù: kò ní àpòlúkù rárá títí ó fi dàgbà. Omi àpòlúkù wo la fẹ́ sọ pé ó ń lò?

"Ìwúkàrà" tí ẹlòmíràn mú wá, mo mọ orísun rẹ̀. Wilhelm Kühne, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, fa orúkọ "enzyme" yọ látinú èdè Gíríìkì, "nínú ìwúkàrà" ló sì túmọ̀ sí. Àmọ́ létí Yorùbá, ìwúkàrà ń mú nǹkan wú ni. Gígé ni iṣẹ́ eléyìí.

Amóúnjẹdà kò dárúkọ ẹ̀yà ara kankan, bí wọ́n sì ṣe hun amúaradàgbà náà ni wọ́n ṣe hun ún. Ẹnì kan ní àgbo náà lè jẹ́ amóúnjẹdà. Òótọ́ ni, níbi tó bá ti lè ṣini lọ́nà, ká sọ pé "amóúnjẹdà inú ara". Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan oúnjẹ, kó máa jẹ́ ẹ́ńsáìmù lọ.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe ọmọ àrọ̀ tí àpò oúnjẹ rẹ̀ kò tíì tán?