Ìwé ìdìbò tèmi ò pé o! (Prince George's, Maryland)

Ìyá Tèmi, Lanham: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò abẹ́lé (primary, tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje) dé lónìí. Ti ọkọ mi kún bámúbámú: gómìnà, olórí káúńtì, aṣòfin lóríṣiríṣi. Tèmi, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan! Àbí wọ́n ti yọ orúkọ mi ni? Ọjọ́ tí mo búra di ọmọ Amẹ́ríkà gan-an ni mo forúkọ sílẹ̀.

Bọ̀dá Bowie: Ẹ fara balẹ̀, mà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹgbẹ́, kí lẹ mú?

Ìyá Tèmi: Mo ní mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Ẹ̀yin náà mọ òṣèlú ilé, mi ò fẹ́ wàhálà.

Bọ̀dá Bowie: Ibẹ̀ ló ti wọ́. Ní Maryland, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ṣe ẹgbẹ́, ti ilé ẹ̀kọ́ ni tiẹ̀. Èmi náà ṣe é rí. Mo ní ṣebí November ni ìdìbò gidi. November dé, ọ̀rọ̀ ti tán. Káúńtì tí Biden ti gba bíi 89 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2020, ta ló fẹ́ bá Democrat du nǹkan níbẹ̀? Ẹ wo 2025 lẹ́yìn tí Alsobrooks, olórí káúńtì wa tẹ́lẹ̀, lọ sí Sẹ́nétì. Ìdìbò abẹ́lé ti March ni Aisha Braveboy ti gba ipò olórí káúńtì. Ti June tí wọ́n pè ní ìdìbò gidi, bí ẹni lọ bá wọn palẹ̀ àwo mọ́ lẹ́yìn ìnáwó ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Laurel: Èmi ò gbà pé àṣìṣe ni o. Ẹgbẹ́ kan ti jókòó lé gbogbo ipò, ẹ tún ní ká lọ tò sẹ́yìn wọn?

Bọ̀dá Bowie: Ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín. Tó bá di November, ẹ dìbò fún ẹni tó wù yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ní ojú méjì nìyẹn.

Bọ̀dá Bowie: Ẹ máa jókòó síbẹ̀ náà. Àwọn tó dìde lọ ni wọ́n ń yan ẹni tó máa bu owó orí ilé fún yín.

Ìyá Tèmi: Ẹ má tìtorí mi jà. Ṣé ó ṣeé yí padà?

Bọ̀dá Bowie: Ó ṣeé ṣe lórí ìkànnì ìgbìmọ̀ ìdìbò ìpínlẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà láísẹ́ńsì yín sọ́wọ́. Àmọ́ tó bá ku ọjọ́ 21, wọ́n ti tì í. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rí ṣì lè ṣe é lọ́jọ́ ìdìbò, ẹni tó ti wà lórí ìwé ò lè pààrọ̀ ẹgbẹ́ mọ́. Ọjọ́ mélòó ló kù?

Adé Sugar Land: Ẹ̀yin ará Maryland, ẹ pẹ̀lẹ́ o 😂 Ní Texas, kò sí ẹgbẹ́ lórúkọ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ máa sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. November tiwa sì ń gbóná. Láti 1964 tí Johnson ti gba Fort Bend, káúńtì wa, Democrat kankan ò gbà á fún ipò ààrẹ mọ́ títí di 2016. Sugar Land yìí ni ilé Tom DeLay, tó ṣe olóyè Republican ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nígbà kan! Biden gbà á ní 2020, àmọ́ ní 2024, díẹ̀ báyìí ni Harris fi rí i mú. KP George tí wọ́n dìbò yàn ṣe olórí káúńtì ní 2018 bí ọmọ Democrat, 2025 ló fò sọ́dọ̀ Republican.

Àkàndé Lawrenceville: Gwinnett, káúńtì tiwa ní Georgia, náà rèé! Láti ìgbà Carter ní 1976, 2016 ni Democrat tó tún gbà á. Àwa tá a kó dé, àwọn Korea tó kún Duluth, àwọn ará India, àwọn Mexico, àwa la yí i.

Adé Sugar Land: Àmọ́ ẹ má rò pé ibì kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá tó ní iléeṣẹ́ ń ké owó orí, ìyàwó wọn ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún lòun ń wò, àwọn ọmọ ní ìbọn nílé ìwé. Wọ́n á jọ wọ mọ́tò kan lọ, wọ́n á lọ pa ìbò ara wọn rẹ́.

Àkàndé Lawrenceville: Ṣé ilé mi lẹ ti wá ni? 😂

Àǹtí Bísí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣì wà lórí gíríìnkáàdì, MÁ FORÚKỌ SÍLẸ̀. Níbi tí mo ti lọ gba láísẹ́ńsì, akọ̀wé bi mí bóyá mo fẹ́ dìbò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rò pé ara ètò ni. Nígbà tí mo dé ìdí fọ́ọ̀mù N-400 tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà, ìbéèrè bóyá mo ti forúkọ ìdìbò sílẹ̀ rí ń wò mí lójú. Owó tí lọ́yà gbà lọ́wọ́ mi ì bá ti fi òrùlé sílé mi n'Ìkòròdú.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Lọ́yà Maryland, wọn kì í ṣojú àánú.

Adé Sugar Land: Ẹ kó wá sí Houston. Lọ́yà wà, àmàlà wà lórí títì Bissonnet.

Bọ̀dá Bowie: Àmàlà inú ooru tó ń pa aláǹgbá? Ẹ ṣeun.

Àkàndé Lawrenceville: Atlanta ò sí níbẹ̀ ni?

Bọ̀dá Bowie: Ẹ kọ́kọ́ jáde nínú gosílóò ná.

Àǹtí Bísí: Ọjọ́ ìdìbò ilé ló ń wù mí jù. Mọ́tò ò rìn, àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì, gbogbo ojúlé ń dín àkàrà. Níbí, wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ ẹ láyà, ó di ibiṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Adé, àwọn ará Bissonnet yẹn, ṣé wọ́n ń fi gbẹ̀gìrì ránṣẹ́ dé Laurel?

Adé Sugar Land: Gbẹ̀gìrì á dé. Ewédú ni mi ò lè ṣe onídùúró fún.