Ọ̀gá ní ká kó gbogbo nǹkan lọ sórí cloud, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Odogunyan:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Odogunyan níbí ni mo wà, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Tọ̀sántòru lẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, a ní sítọ́ọ̀ mẹ́ta, ọ́fíìsì kéékèèké sì wà káàkiri. Ọ̀gá pátápátá lọ sí mítìnì kan, bó ṣe dé ló ní gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ti wà lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tá a máa háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ọdún tó parí. Gbogbo nǹkan kẹ̀! Mo kó orúkọ àwọn app wa jọ sínú Excel, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mo kà, òmíì wà níbẹ̀ tẹ́ni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń lò ó. Kọnsọ́tántì tí wọ́n gbà wá ní ká kọ́kọ́ ya capability map. Mo wò ó títí, organogram ló jọ lójú tèmi, àpótí lórí àpótí. Àbí wọ́n kàn fẹ́ fi jẹ owó wa ni? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lójú.

Bọ̀dá_Sabó:
Àbúrò, kì í ṣe organogram o. Organogram ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹnì kan, tí wọ́n bá lé máníjà lọ́la ó ti yí padà nìyẹn. Map yìí, ohun tílé iṣẹ́ ń ṣe ló ń sọ, kò bèèrè ẹni tó ń ṣe é, kò bèèrè app tí wọ́n fi ń ṣe é. Wo ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútẹ́: ó ń ra ọjà, ó ń tọ́jú ẹ̀ kó má bàjẹ́, ó ń tà á, ó ń gba gbèsè. Ì báà kọ gbèsè sára ògiri, ì báà kọ ọ́ sínú fóònù, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ń bá a gbà á, gbèsè gbígbà náà ni. Àpótí kan nìyẹn.

Ẹ má kọjá ìpele mẹ́ta o, àpótí nínú àpótí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọdún á parí ẹ ò ní tíì gbé app kan. Tẹ́ ẹ bá wá yà á tán, mú Excel ẹ yẹn, fi app kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ibẹ̀ lojú á ti là! Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, àpótí ínfọ́ìsì nìkan, app mẹ́rin la bá níbẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti lọ ra tiẹ̀. Ká ní lísìtì sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí app ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, la tẹ̀ lé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là bá kó lọ, ká wá máa san dọ́là lórí wọn lóṣooṣù, ẹ sì mọ ohun tójú náírà ti rí láti June 2023. Mẹ́ta la pa.

Alhaja_Tẹ́kì:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ àwọ̀ tẹ́ ẹ máa kùn sára àpótí, tó máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí app inú ẹ̀, ló le jù. Àpótí tó ń mówó wọlé tí app ẹ̀ sì ti gbó, ìyẹn lẹ máa tún kọ fún cloud, ẹ náwó síbẹ̀. Owó oṣù, email, ìsinmi òṣìṣẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ ayé ló ń ṣe ìyẹn, ẹ lọ ra èyí tó ti wà lórí cloud, ẹ má da ara yín láàmú. Òmíì ẹ kàn gbé e bó ṣe wà. Òmíì, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kò sí ìtìjú níbẹ̀ o.

Mo ń sọ ìyẹn nítorí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tírélà ní géètì wa. A gbé app ẹ̀ lọ sí Cape Town, níbi tí AWS, ìyẹn cloud Amazon, ṣí region (ibùdó kọ̀ǹpútà wọn) sí ní 2020. Ó ń lọ geere. Nígbà tó di 14 March 2024 táwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, tí báńkì pàápàá ò lè gbéra, tírélà tò dé títì, àwọn dẹ́rẹ́bà ń bú wa. Ká ní a ti kọ ọ́ sára àpótí yẹn pé kò gbọdọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò ní gbé e kúrò ní géètì.

Ará_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ sáà máa yàwòrán lọ. Tiwa, odindi oṣù méje la fi yà á, a tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, títí dòní kò sẹ́ni tó wò ó.

Bọ̀dá_Sabó:
@Ará_Ẹ̀pẹ́ ta ló yà á? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan lẹ jókòó sínú AC tẹ́ ẹ yà á, ẹ̀bi yín ni.

Ará_Ẹ̀pẹ́:
Hmm. Àwa nìkan ni lóòótọ́ 😂 Àmọ́ ó wúlò níbì kan ṣá, nígbà tí òfin Nigeria lórí ààbò dátà ti 2023 dé, a fi wo àpótí tí dátà kọ́sítọ́mà wà nínú ẹ̀, lọ́yà ò yọ wá lẹ́nu púpọ̀.

Ọmọ_Odogunyan:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi. Lẹ́yìn tí mo ka ti Bọ̀dá mo dìde, mo lọ bá ìyá tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ kejì. App kan wà tí mo ti kun pupa pé ká pa, torí ọdún 2015 ni wọ́n ti tún un ṣe gbẹ̀yìn. Màmá ní alaalẹ́ Friday lòun fi ń ka pálẹ́ẹ̀tì òfìfo tó padà wọlé, àti pé òun nìkan ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ti nu pupa yẹn kúrò. Lọ́la màá lọ bá àwọn géètì.