Ẹ̀rọ ìgégi mi kò lágbára mọ́: ṣé fáàfù decompression ló bàjẹ́, àbí písítìn ló ti họ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Igi tíìkì àti mẹ̀línà ni mo ń gé ní agbègbè Ọ̀rẹ, ẹ̀rọ ńlá tó lé díẹ̀ ní 90 cc ni mo sì ń lò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá jọ̀wọ́ tọ́rótù, ẹ̀rọ náà kì í tètè rọlẹ̀. Yóò ṣì máa pariwo sókè fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fara balẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ yá ni. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìtì igi, láti ìgbà náà ni okùn rẹ̀ sì ti fúyẹ́ bí mo bá fà á, àfi bí ìgbà tí mo bá ti tẹ fáàfù decompression, ìyẹn bọ́tìnì kékeré tó ń mú kí okùn rọrùn láti fà, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kàn án.

Mẹkáníìkì kan sọ pé fáàfù yẹn ló kú. Èkejì ní kí n pààrọ̀ sílíńdà àti písítìn pọ̀. Owó méjèèjì jìnnà sí ara wọn gan-an, n kò sì fẹ́ náwó lásán. Ọ́ìlì two-stroke 100 ml ni mo ń dà sí lítà bẹntiróòlù 5. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

Èsì kìíní

Àbúrò, má tíì ra ohunkóhun. Fáàfù yẹn wà lára sílíńdà níta, gbogbo ènìyàn ló ń rí i, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù ú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí ihò kékeré kan tí díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún pọ̀ yóò gbà jáde. Bí ẹ̀rọ bá sì ti gbaná lẹ́ẹ̀kan, agbára iná náà ni yóò tì í padà. Ohun tó sábà máa ń ṣe é ni kí èédú dì sí ibi tó ti yẹ kó jókòó, tàbí kí sípíríǹgì rẹ̀ dẹ̀, tí kò fi ní padé dáadáa mọ́.

Po ọṣẹ mọ́ omi, ta á sí ìdí fáàfù náà àti sí orí rẹ̀, kí o wá fa okùn. Bí ó bá ń jò, wàá rí i tí ó ń hó. Lẹ́yìn èyí, fi gééjì tó ń wọn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, di tọ́rótù mú ní ṣíṣí, kí o sì máa fa okùn títí ọwọ́ gééjì kò fi ní gòkè mọ́. Tú fáàfù náà, fi bóòtù tí eyín rẹ̀ bá ti fáàfù mu àti wáṣà bàbà dí ihò náà, kí o tún wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ọ́, bóòtù náà kò gbọdọ̀ gùn ju fáàfù lọ, kí písítìn má baà lọ kọlù ú. Ẹ̀rọ tó bá yè máa ń wà láàárín 130 sí 170 psi (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí gééjì ń fi hàn). Bí tìrẹ bá gòkè sí ibẹ̀ lẹ́yìn tí o di ihò, fáàfù ló jẹ̀bi. Bí iye náà kò bá yí padà, fáàfù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí o bá ti tú u, wo ẹnu rẹ̀ tó ń wo inú sílíńdà dáadáa. Mo ti rí èyí tí ẹnu rẹ̀ kán sínú ẹ̀rọ rí, tó sì lu orí písítìn ní àlùbàjẹ́.

Èsì kejì

Ariwo tí kò tètè rọlẹ̀ yẹn ni èmi fọkàn sí jù nínú àlàyé rẹ. Afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kàbúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, kọjá ló ń wọlé, ó sì ń mú kí epo kéré sí afẹ́fẹ́. Nínú two-stroke, inú epo yẹn náà ni ọ́ìlì wà, nítorí náà bí epo bá ti kéré, ọ́ìlì tó ń dé ara písítìn náà dín kù, ooru á sì pọ̀ sí i. Àpòpọ̀ rẹ kò burú o, 50 sí 1 ni.

Tú sàláńsà, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìn láti ojú ihò èéfín, kí o máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá họ ní ẹ̀gbẹ́ èéfín nìkan, ooru ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kàbúrétọ̀ ló họ, eruku ló gba ojú fílítà wọlé.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ọṣẹ kò hó. Gééjì fún mi ní 85 psi, 85 náà ló sì wà lẹ́yìn tí mo fi bóòtù dí ihò. Písítìn họ ní ẹ̀gbẹ́ èéfín, ríǹgì rẹ̀ sì ti há mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ tónítóní. Mo rí i pé rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ sílíńdà ti sán nísàlẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Ṣé sílíńdà náà ṣì ṣeé lò?

Èsì kejì

Rọ́bà yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fi èékánná ra ògiri sílíńdà. Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni alumíníọ̀mù tó bó lára písítìn, kì í ṣe pé ògiri fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ lè jẹ ẹ́ kúrò: fi òwú pa díẹ̀ sí ojú ibẹ̀ nìkan, wọ ìbọ̀wọ́, bo ojú rẹ, má ṣe jẹ́ kí ó kan etí àwọn ihò sílíńdà nítorí alumíníọ̀mù lásán ni wọ́n, kí o sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Bí ògiri bá dán lẹ́yìn náà, písítìn àti ríǹgì tuntun tó. Bí o bá rí i pé ìbòrí líle ara ògiri ti ṣí, sílíńdà gbọ́dọ̀ yí padà.

Kí o tó dì í pa, pààrọ̀ rọ́bà náà àti síìlì méjèèjì (ìdí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò) tó wà létí kiránkì, irin tí písítìn ń yí. Lẹ́yìn náà ni kí o tún kàbúrétọ̀ tò, nítorí pé bí wọ́n ṣe tò ó nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé kò ní bá a mu mọ́.